Bàbá Bíréèkì ti Pápá Àjàó

Lọ́jọ́ kẹjọ tí bàbá ìyá mi jáde láyé, Àlùfáà dìde láàárín àgbàlá wa ní Pápá Àjàó, ó ní olóògbé jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo wo Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà wo mí. Kíá ni àwa méjèèjì fi ìborùn bo ẹnu, kí èrò má bàa rí wa tí à ń rẹ́rìn-ín níbi àdúà òkú. Bàbá kẹ̀? Bàbá tó bá gbogbo mẹkáníìkì tó wà láti Ojúwoyè dé Ìdí-Òró jà! Wọ́n bá ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà jà, wọ́n bá ẹni tó ń ta bẹntiróòlù jà, wọ́n tiẹ̀ bá ọlọ́pàá jà lọ́jọ́ kan nítorí pé iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ ò tàn. Ọlọ́pàá ọ̀hún ló padà bẹ̀ wọ́n.

Mi ò bá Àlùfáà wí. Kò gbé pẹ̀lú wọn, ohun tí wọ́n ń sọ nípa gbogbo òkú ló sọ. Àmọ́ bàbá mi àgbà ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣàdúà fún, kì í ṣe bàbá ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Làmídì lorúkọ wọn. Ìjọba ni wọ́n wakọ̀ fún títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n wá fi owó ìfẹ̀yìntì ra Píjò àlòkù kan tó ní àwọ̀ eérú. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé láti kékeré, torí pé ìyá mi, Múnírà, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kàdúná. Bàbá ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà wọn kì í sì í tọ́ lórí. Bí ẹni tó ní mọ́tò bá kí wọn, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ìyàwó, wọn kì í béèrè ọmọ. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé, "Báwo ni bíréèkì ẹ?" Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ti rí orúkọ tí wọ́n ń fi pè wọ́n lẹ́yìn. Bàbá mọ̀ pé wọ́n ń pe àwọn ní Bàbá Bíréèkì, inú wọn sì ń dùn sí i ju bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ká mọ̀ lọ.

Gbogbo àárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á fi tẹ̀sùbáà kọ́ ìṣó lára ògiri, wọ́n á mú àkísà, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni wọ́n máa ń wo omi rédíétọ̀, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí i tó bá gbóná. Wọ́n á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, wọ́n á nù ún, wọ́n á tì í padà, wọ́n á tún fà á yọ kí wọ́n tó gbà á gbọ́, torí wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kínní kì í sọ òótọ́. Wọ́n á wo omi bátìrì. Wọ́n á wá yí mọ́tò po, wọ́n á máa ti èékánná bọ ìlà ara táyà kọ̀ọ̀kan. Bí èékánná bá ti rí ibi wọ̀, ó dáa nìyẹn. Bí kò bá rí ibi wọ̀, a ò ní jáde lọ́jọ́ náà. Táyà karùn-ún tó wà nínú búùtù náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló yẹ kéèyàn máa kí jù, torí pé ọjọ́ tí a bá máa pè é, a ò ní láyè láti bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró sẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n á tẹ bíréèkì, iná pupa á tàn, èmi á sì kígbe pé, "Ó tàn!" Ohùn mi máa ń ròkè nígbà yẹn. Ìyá tó ń gbé ojúlé kejì sọ fún mi pé láti ìgbà tí mo ti dé àdúgbò, òun ò ra aago mọ́.

Lọ́jọ́ kan, iná ò tàn. Bàbá tú gílóòbù rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í padà, kò tàn. Wọ́n rán mi lọ ra òmíràn. Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìwé, wọ́n ti kọrin àárọ̀ tán, tíṣà sì ti mú ẹgba dání. Mo fún un ní ìwé tí Bàbá kọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má na Ṣìfáwù. Iná bíréèkì ni kò tàn." Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. Kí ilẹ̀ lanu kí n wọ inú rẹ̀ ni mo ń wá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé tí mo fi ẹkún rojọ́ fún Bàbá, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé ó nà ọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Tíṣà gidi nìyẹn, ó gbọ́ àlàyé."

Àkísà tí mo sọ yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Bàbá ò gbà kí wọ́n fi aṣọ tó ń ta òwú nu ọ̀pá ọ́ìlì. Aṣọ àtijọ́ tó ti rọ̀ dáadáa ni wọ́n fẹ́, ta ló sì ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Ìyá Àgbà. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà wá ìborùn tí wọ́n fẹ́ fi lọ sí ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n rí ìdajì rẹ̀ tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé ló gbọ́.

"Bàbá Múní! Mọ́tò lẹ gbé níyàwó, èmi ni wọ́n kàn fà lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀ ń fọ ẹsẹ̀ fún un, ẹ̀ ń fún un lómi láàárọ̀. Ìgbà wo lẹ bi mí bóyá mo ti mumi?"

Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ń nu ọ̀pá ọ́ìlì lọ. "Ìyá Múní, ohun tó bá ń dùn ọ́, ò ń sọ ọ́. Gbogbo Muṣin ló ń gbọ́ ọ. Òun ò lè sọ tiẹ̀."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé inú ń bí àwọn. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń sọ ọ́.

Ẹ rántí ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa rìn lápá ọ̀tún. Mo kéré gan-an, àmọ́ mo rántí ilé wa. Bàbá mú ẹfun, wọ́n fa títì gbọọrọ sí àárín àgbàlá, wọ́n to àga síbẹ̀ bí ọkọ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo wa máa sọdá. Wọ́n ní ojú tí a fi ń wo ọ̀tún kí a tó sọdá tẹ́lẹ̀, òsì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò báyìí. Bí Ìyá Àgbà ṣe gbé àwo ọṣẹ kọjá, Bàbá dá wọn dúró pé wọn ò wo òsì.

"Ṣé èmi náà ní ẹ́ńjìnnì ni?"

"O lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbá."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi sọdá nínú àgbàlá ara wa. Bàbá so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn kí wọ́n má bàa ṣìnà, òwú náà sì wà níbẹ̀ títí ó fi já fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà wá pé, tí gbogbo èèyàn ń sáré gbé mọ́tò jáde láti fi hàn pé àwọn mọ̀ ọ́n, Bàbá gbé àga síwájú ilé, wọ́n jókòó. Wọn ò jáde títí ọjọ́ kẹta. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀ràn kọ́kọ́ kọjá ná."

Nínú gbogbo àwọn tí Bàbá bá jà, Mùfú mẹkáníìkì ni ọ̀rẹ́ wọn jù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju ojúlé mẹ́rin lọ sí ilé wa, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nínú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́: mánééjì. Mùfú fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Bí rọ́bà bá já, ó máa mánééjì rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá sọnù, ó máa fi wáyà mánééjì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń wo bíréèkì Píjò, ó nu ọwọ́ nù, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣì mánééjì ẹ̀ báyìí ná. Ó ṣì máa lọ dáadáa."

Bàbá wò ó títí. "Mùfú, mi ò bi ọ́ bóyá ó máa lọ. Ṣé ó máa dúró ni mo bi ọ́."

Oṣù kan gbáko ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń bá wọn jíṣẹ́ láàárín ara wọn. Mùfú padà tún bíréèkì náà bó ṣe yẹ.

Kí ẹ má bàa rò pé mọ̀láíkà ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ojúẹlẹ́gbà. Bàbá ń gbé mi lọ sí Surulere, wọ́n ti wo omi, wọ́n ti wo ọ́ìlì, wọ́n ti ti èékánná bọ táyà márààrún, mo ti kígbe "Ó tàn!" títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Bí a ṣe dé Ojúẹlẹ́gbà, mọ́tò húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Bẹntiróòlù ti tán. Bàbá wò mí, mo wo Bàbá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ta ló bí mi dáadáa? Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mú kẹ́ẹ̀gì nínú búùtù, wọ́n fi fìlà bojú díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣìfá, má sọ fún Mùfú." Mo sọ fún un kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Àwọn ará àdúgbò ní ìdí wọn tí Bàbá fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ Bàbá ti dojú dé rí lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí èèyàn sì kú. Àwọn kan ní àbúrò Bàbá ló kú. Ìtàn náà ń gùn sí i lọ́dọọdún ni. Nígbà tó pẹ́, mo lọ bi wọ́n fúnra wọn nídìí abọ́ omi tí wọ́n ti ń fọwọ́.

"Bàbá, ta ló kú?"

"Níbo?"

"Nínú mọ́tò tí ẹ wà nígbà yẹn."

"Kò sẹ́ni tó kú, Ṣìfá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó kú lọ́wọ́ mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ṣe báyìí?"

Wọ́n gbọn omi ọwọ́ dànù, wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. "Ìdí tí kò fi sẹ́ni tó kú náà nìyẹn."

Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn tó gbọ́n lẹ́yìn jàǹbá, Ọlọ́run ṣàánú wọn. Bàbá tèmi gbọ́n ṣáájú rẹ̀. Mo fi ń yangàn, mi ò sì tijú.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Rìsì ló wá kù, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

Àǹtí Rìsì ni àbíkẹ́yìn Bàbá. Bọ̀dá Wàsíù, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló fẹ́ ẹ. Wọ́n so yìgì wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, a jẹ, a mu. Ó ku kí wọ́n gbé ìyàwó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, torí pé ìyá Bọ̀dá Wàsíù ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun fúnra òun ló máa fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ ìyàwó òun lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Alíhájì Gàníyù, àbúrò bàbá ọkọ, tó ń ta pákó tó sì ń gbé ní Sábó tí kò jìnnà sí wa, ló fẹ́ gbé wọn lọ. Òun nìkan ló ní mọ́tò nínú ẹbí wọn. Ó fọ̀ ọ́ títí ó ń dán, ó so ríbọ́ọ̀nù funfun mọ́ iwájú rẹ̀. Àǹtí Rìsì ti wọlé sẹ́yìn, ó ti da ìbòjú borí, ẹrù ti wà nínú búùtù.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́tò po.

Ìyá Àgbà fa apá agbádá wọn. "Bàbá Múní, kì í ṣe tòní. Mọ́tò àna ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá ní, "Mò ń kí i ni." Wọ́n ti èékánná bọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n mi orí. Wọ́n wá yí sí Alíhájì. "Àna mi, ẹ fún mi láyè kí n tẹ bíréèkì yín wò."

Alíhájì rẹ́rìn-ín, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ta ni kò mọ Bàbá Bíréèkì? Bàbá jókòó, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ wọn wọlẹ̀ pátápátá. Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó mú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ ìdérí ìgò kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbé, wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n fi ìka méjì ra á. Ó hó. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rí ìfófòó funfun láàárín ìka Bàbá.

"Alíhájì, kí lẹ dà síbí?"

"Omi ọṣẹ ni. Ọ́ìlì rẹ̀ fà lọ́jọ́bọ̀, mi ò ráyè ra òmíràn. Kí ló dé? Gbogbo wa la ń mánééjì ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo wo ojú Bàbá nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ẹ̀rù bà mí.

Bàbá fi sùúrù sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Láti Sábó dé ibí, ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ ò sáré. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló pọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì á máa gbóná, omi yìí á hó, á di ooru. Ẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Mùfú tún un ṣe. Tàbí kí ẹ gbé Píjò mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Èwo ni kí ìyàwó fi mọ́tò bàbá rẹ̀ wọ ilé ọkọ? Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nínú ẹbí ọkọ pa àtẹ́wọ́, ó ní ṣé wọ́n ti rò pé àwọn ò ní nǹkan ni. Alíhájì gan-an ti yí ojú padà. Ó ní, "Ṣebí mọ́tò yìí ló gbé wa dé síbí láyọ̀?"

"Ọkọ̀ tó gbé yín dé kò búra pé òun máa gbé yín padà."

"Bàbá, pósí ni mo wá fi gbé ọmọ yín nìyẹn? Tí ẹ ò bá fẹ́ fún wa lọ́mọ mọ́, ẹ wí. Ìyá àgbàlagbà ti bu omi sílẹ̀ de ìyàwó láti àárọ̀!"

Àǹtí Rìsì ti ń sunkún nínú mọ́tò. Ó yọ orí síta, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń ba ayé mi jẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ." Mo gbọ́, Bàbá náà gbọ́. Apá wọn rọ̀. Mo rò pé wọ́n máa yà kúrò lọ́nà. Mo gbà pé èmi náà fẹ́ kí wọ́n yà, torí ojú ń tì mí, gbogbo àdúgbò ti jáde.

Alíhájì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà, ó ṣíná sí mọ́tò.

Bàbá rìn lọ síwájú rẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun wọn, lórí ilẹ̀ Pápá Àjàó tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, níwájú táyà, tó fi jẹ́ pé orí wọn ò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí i.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹbí ọkọ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Mi ò tíì rí ibi tí bàbá ìyàwó ti dọ̀bálẹ̀ rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó lè pe ohun tí wọ́n ṣe ní àfojúdi, kò sì sẹ́ni tó lè wa mọ́tò kọjá lórí rẹ̀. Ohùn Bàbá ń ti ilẹ̀ bọ̀.

"Alíhájì, mo bẹ̀ yín. Ọmọ yín ni. Mi ò gbà á padà. Kó dé ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Alíhájì fò jáde bí ẹni tí iná jó. "Ye! Bàbá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí n kú ni? Bàbá mi ò tó yín lọ́jọ́ orí!" Bàbá ò dìde. Ni Alíhájì bá da ara tirẹ̀ délẹ̀ pẹ̀lú agbádá léèsì, ó dọ̀bálẹ̀ kọjú sí wọn. Àgbàlagbà méjì wà nílẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá Àgbà káwọ́ lérí, wọn ò mọ ẹni tí wọn ì bá kọ́kọ́ fà dìde.

"Ẹ fún Mùfú ní kọ́kọ́rọ́," ni Bàbá wí.

Mùfú, tó wá pẹ̀lú aṣọ ìnáwó, bọ́ agbádá fún ìyàwó rẹ̀, ó sì wọ abẹ́ mọ́tò. Ó tú u, ó gbé ohun tó rí jáde lórí àtẹ́lẹwọ́: rọ́bà tó ti ya, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà jò, omi ọṣẹ sì ti mú kí irin inú rẹ̀ máa dípẹtà. Kò sọ pé òun máa mánééjì rẹ̀. Ó rán wọn lọ ra rọ́bà tuntun àti ọ́ìlì bíréèkì gidi, ó fọ omi ọṣẹ náà dànù títí kò fi kù. Bàbá fúnra wọn wa mọ́tò náà dé orí títì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbọin. Kò tíì tó àkókò Àílà tí wọ́n fi gbéra. Àǹtí Rìsì ò bá Bàbá sọ̀rọ̀, kò sì juwọ́ sí wọn. Bàbá dúró lójú títì títí mọ́tò fi pòórá lójú wọn. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà, àwa náà ò lè jẹun.

Ọjọ́ kẹta ni Alíhájì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì kọjá sí Sábó kó tó yà sọ́dọ̀ wa. Ó ní bí àwọn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, agbo màlúù kan ya wọ títì lójijì. Òun tẹ bíréèkì, mọ́tò dúró. Ó ṣáà ń fi apá agbádá nu ojú. Ó wá jíṣẹ́ tí ìyá Bọ̀dá Wàsíù rán an, ó ní ẹnu ìyá náà ni kí òun fi jẹ́ ẹ: "Ẹ sọ fún bàbá tó dọ̀bálẹ̀ pé ọmọ dé."

Bàbá ní, "Alihamudulilahi." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Ọ́ìlì ò jáde lára agbádá náà. Ìyá Àgbà fọ̀ ọ́ títí ó sú wọn, wọ́n ní kí Bàbá sọ ọ́ di àkísà ọ̀pá ọ́ìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Bàbá kọ àkísà. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí Jímọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú láyà rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Rìsì gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ wá kí wọn, ó rí àbàwọ́n náà, ó kúnlẹ̀, ó dorí kọ itan wọn. Bàbá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Báwo ni bíréèkì ọkọ ẹ?" Láti ìgbà náà, Alíhájì Gàníyù kì í jẹ́ kí Sátidé kan kọjá láìgbé mọ́tò rẹ̀ wá fún Bàbá wò. Wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

Bàbá kú nínú oorun, ní ọjọ́ tí ara wọn ò tiẹ̀ dùn wọ́n. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì mọ́ tán tí gbogbo èèyàn fi pé. Wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi aṣọ funfun dì wọ́n, wọ́n gbé wọn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù kan tí aládùúgbò wa yá wa, ká lè gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Àlùfáà ní kí wọ́n máa lọ. Alíhájì Gàníyù ní rárá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ.

Àlùfáà ní, "Alíhájì, wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀ o."

"Ẹ ṣe sùúrù, Àlùfáà. Mi ò tíì dé táyà ẹ̀yìn."

Ó ti èékánná bọ ọ́ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wọ iwájú, ó jókòó, ó wá yọ orí síta. "Ṣìfá, bọ́ sẹ́yìn."

Mo lọ dúró sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù níbi tí Bàbá wà. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn lápá méjèèjì. Mo fi gbogbo agbára mi kígbe, "Ó tàn!" Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

Alíhájì sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ síwájú ọkọ̀. Orúnkún ti ń dùn ún, ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi tẹlẹ̀ kó tó lè dọ̀bálẹ̀ tán níwájú táyà. Ó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀. Mùfú ló fà á dìde. Kò gbọn aṣọ rẹ̀, ó kàn fọwọ́ lu ilẹ̀kùn fún ẹni tó ń wa ọkọ̀.

"Ó yá, máa lọ. Jẹ́jẹ́ o. Kí wọ́n dé ni."